Mọ́nítọ̀ àtijọ́ oní-VGA àti kọ̀ǹpútà tuntun oní-HDMI: ṣé mọ́nítọ̀ ló kú ni, àbí okùn ló ń tàn wá?

Ìbéèrè láti Iléṣà

"Mo ní mọ́nítọ̀ kan, ínṣì 17, pẹlẹbẹ, èyí tí mo ti ń lò láti ọdún 2008. Ojú ihò kan ṣoṣo ni mo mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èyí aláwọ̀ aró tó ní ihò wẹ́wẹ́ 15. Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ kú lóṣù tó kọjá, mo sì ra tuntun kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n HDMI méjì àti USB-C kan ló wà lára rẹ̀, kò sí VGA. Ìsọ̀ kan nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà ta okùn kan fún mi tí HDMI wà lórí rẹ̀ kan, tí VGA wà lórí kejì. Mo so ó, mọ́nítọ̀ kọ 'No Signal'. Mo padà lọ, ẹni tó tà á ní mọ́nítọ̀ mi ti kú, pé kí n wá ra tuntun lọ́wọ́ òun. Ìyàwó mi ní kò sí ohun tó ṣe mọ́nítọ̀. Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì?"

* * *

Èsì kìíní

Ìyàwó yín ló tọ̀nà. Òkú kì í sọ̀rọ̀. Mọ́nítọ̀ tó bá lè kọ "No Signal" sí ojú ara rẹ̀, iná ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀ ń tàn, pátákó inú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé kò sí nǹkan kan tó ń ti ẹnu okùn wọlé tí ó yé òun. Okùn yẹn gan-an ló níṣòro.

VGA dà bí gángan. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé àwọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún aró, agbára iná inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, láàárín òdo àti fóòtì (volt) 0.7, gẹ́gẹ́ bí ohùn gángan ṣe ń ròkè tó ń rodò bí onílù bá fún ọsán tàbí tó bá dẹ̀ ẹ́. Mọ́nítọ̀ ń tẹ̀ lé ìròkè àti ìrodò yẹn láti mọ bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. HDMI ní tirẹ̀ dà bí ìwé tí a kọ ránṣẹ́: nọ́ńbà ló ń gbé, òdo àti ení, wọ́n ń ya lọ ní ìyára tí èrò ọkàn kò lè bá. Bí ẹ bá mú ìwé, tí ẹ so ó mọ́ ọsán gángan, gángan kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ ka ìwé náà sí yín létí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín, kí ó ka ìwé, kí ó sì fi ìlù sọ ohun tó kà. Ẹni náà ni a ń pè ní kọ̀nfátà, ṣíìpù kékeré inú rẹ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Okùn tí wọ́n tà fún yín kò ní ṣíìpù. Wáyà lásán ni wọ́n fi so orí méjì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà fún bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fọwọ́ kan orí rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó ní ṣíìpù máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí kò ní kì í gbóná rárá, nítorí kò sí iṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ̀yin ará Iléṣà kò sì ṣàì mọ bí òṣómàáló ṣe ń gba owó: ẹ lóṣòó sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀.

* * *

Àwọn tó ní "wáyà lásán ṣiṣẹ́ fún mi"

Ó tó ẹni mẹ́rin tó ti ta kò mí lórí èyí, tí wọ́n ní àwọn fi orí kékeré kan tí kò ní ṣíìpù so mọ́nítọ̀ VGA mọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò pè wọ́n ní òpùrọ́. Mo bi wọ́n pé irú ẹnu wo ni orí náà wọ̀ lára kọ̀ǹpútà, mẹ́ta nínú wọn sì dáhùn pé DVI ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

DVI tó jáde ní ọdún 1999 kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní DVI-I ń gbé ìwé àti ìlù pọ̀ nínú okùn kan ṣoṣo, nítorí náà orí wáyà lásán tó láti yọ ìlù jáde nínú rẹ̀ fún VGA. DVI-D ń gbé ìwé nìkan, kò sì sí orí wáyà lásán tó lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀ yọ. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: ihò gbọọrọ pẹlẹbẹ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Bí ihò wẹ́wẹ́ mẹ́rin bá yí i ká, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ìlù wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ihò mẹ́rin yẹn, ẹ má da owó yín nù. HDMI kò gbé ìlù rí láti ọjọ́ tó ti jáde, nítorí náà ẹ̀rí DVI kò ṣeé mú wá sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ní àǹfààní kan fún ẹni tó béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ òkè òkun wá ló ní ẹnu DVI funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ VGA, eruku á ti bò ó, tàbí kí wọ́n ti fi ike dí i láti ilé iṣẹ́ wá. Ọkùnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Mayfair, ní Ifẹ̀, ó ti ra kọ̀nfátà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tí àwòrán rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo dojú mọ́nítọ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, mo fi èékánná ṣí ike kékeré kan, DVI-D tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tì í lò rí ló wà lábẹ́ rẹ̀. HDMI àti DVI-D ń sọ èdè kan náà, nítorí náà okùn HDMI sí DVI tí kò ní ṣíìpù kankan ni mo fi so ó, àwòrán náà sì mọ́ bí omi àfowurọ̀pọn. Ẹ yẹ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín wò kí ẹ tó ra ohunkóhun.

* * *

"Ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ ra tuntun"

Èyí ni ohun tí àwọn tó pọ̀ jù máa ń sọ, ó sì rọrùn láti sọ bí owó kì í bá ṣe tẹni. Ìdí tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé VGA ti gbó. Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́: ọdún 1987 ni IBM gbé e jáde, ọdún kan náà tí wọ́n yí orúkọ Yunifásítì Ifẹ̀ padà sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Intel, AMD àti àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ kéde pé àwọn yóò yọwọ́ nínú VGA kí ọdún 2015 tó parí. Ohun tí wọ́n kéde nìyẹn. Wọn kò kéde pé gíláàsì tó wà nílé yín yóò ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà. Ẹnu ni wọ́n yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ojú mọ́nítọ̀ ṣì ń ríran.

Ṣùgbọ́n n kì í ṣe agbẹjọ́rò àtijọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ti ń pọ́n nígbà tí ẹ bá tan án, tó sì ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó mọ́lẹ̀, gílóòbù tín-ín-rín ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀ ti ń lọ sópin. Ẹ má náwó kọ̀nfátà lé e. Bó bá ń tàn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tó sì ń ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ tú u kó wo pátákó iná rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kapásítọ̀ bíi mélòó kan tí orí wọn ti wú bí àkàrà ló wà níbẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni a sì fi ń pààrọ̀ wọn. Ẹni tó bá sì ń fi odindi ọjọ́ ya àwòrán ilé tàbí tó ń ṣe fọ́tò fún oníbàárà, ẹ jẹ́ kí ó ra tuntun, nítorí àwọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé, tó ń ṣe ìṣirò ọjà, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń fi múra ìdánwò, kí ló fẹ́ fi tuntun ṣe?

* * *

Kọ̀nfátà ní ibi tó dojú kọ

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé pé òun ra kọ̀nfátà tòótọ́, ó ní ṣíìpù, ó ń gbóná, síbẹ̀ kò sí àwòrán. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Àbúrò, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni "VGA to HDMI", ohun tí o sì nílò ni "HDMI to VGA". Ọ̀rọ̀ méjì yìí kì í ṣe ohun kan náà tí a kàn yí padà. Èyí tí o rà ń gbọ́ ìlù, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó fẹ́ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun ni wọ́n ṣe é. Ìyẹn ló fà á tí ó fi ní okùn USB fún iná, tí ó sì tún ní okùn tó ń gba ohùn wọlé, nítorí VGA kì í gbé ohùn. Kò sí bí o ṣe lè dojú rẹ̀ kodò kó máa ṣe iṣẹ́ kejì.

Kí o tó sanwó, wo orí HDMI rẹ̀. Bó bá jẹ́ akọ, èyí tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà, tí orí VGA rẹ̀ sì jẹ́ abo, èyí tí okùn mọ́nítọ̀ ń wọ̀, ó ṣeé ṣe kí o wà lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ òdìkejì, fi sílẹ̀. Akọ àti abo nìkan kò tó ẹ̀rí o, nítorí náà ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pẹ̀lú.

* * *

Ìrù USB tí àwọn kan kì í lò

Àríyànjiyàn tó le jù lọ láàárín àwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ifẹ̀ nìyí. Àwọn kan ní ìrù USB kékeré tó máa ń wà lára kọ̀nfátà kò wúlò, pé HDMI fúnra rẹ̀ ń gbé iná. Àwọn mìíràn ní bí ẹ kò bá fi ìrù náà sí ẹnu iná kan, kọ̀nfátà yóò jó ẹnu HDMI kọ̀ǹpútà yín.

Ìhà kìíní ní òótọ́ díẹ̀. HDMI ń gbé fóòtì 5, ṣùgbọ́n ohun tí ìlànà rẹ̀ fi ṣe dandan fún kọ̀ǹpútà láti fún ẹni tó wà lẹ́nu okùn kò ju milliamp 55 lọ, táṣẹ́rẹ́ sì ni ìyẹn. Kọ̀ǹpútà mìíràn ń fúnni ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn kì í fún ẹnikẹ́ni ní èènì. Kọ̀nfátà tó bá fẹ́ ju ohun tó rí gbà lọ kì í sábà kú; ohun tó máa ń ṣe ni kí àwòrán wá, kó lọ, kó tún wá, pàápàá nígbà tí ojú mọ́nítọ̀ bá funfun púpọ̀ tàbí tí ooru bá mú nínú ilé. Mo ti rí èyí lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko bú okùn VGA, mo pààrọ̀ okùn lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó fi ìrù USB náà sínú ẹnu ṣájà fóònù. Láti ọjọ́ náà kò ṣẹ́jú mọ́.

Ní ti ìhà kejì, n kò tíì fojú ara mi rí ẹnu HDMI tí kọ̀nfátà jó. Ohun tí mo ti rí ni ẹnu HDMI tí wọ́n fi kọ̀nfátà ńlá tó gbé okùn VGA wúwo kọ́ láti òkè, tí ìwúwo náà sì fa ẹnu yẹn tu kúrò lára pátákó rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí okùn VGA tó nípọn máa rọ̀ dirodiro lára kọ̀ǹpútà kékeré. Ẹ fi ìwé tàbí páálí gbé e dúró.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: "Out of Range"

Ó kọ̀wé pé òun ti gba owó òun díẹ̀ padà, pé òun ti ra kọ̀nfátà tó ní ṣíìpù àti ìrù USB, pé kò sí DVI lẹ́yìn mọ́nítọ̀ òun, òun sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní báyìí, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà ń hàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lẹ́yìn náà "Out of Range" ni mọ́nítọ̀ ń kọ, gbogbo rẹ̀ sì ń ṣókùnkùn.

Ẹ̀gbọ́n, ìròyìn ayọ̀ ni ìyẹn. Àwòrán ti dé, ó kàn tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Mọ́nítọ̀ ínṣì 17 bíi tiyín sábà máa ń ní píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó ń para pọ̀ di àwòrán) 1280 ní ìbú àti 1024 ní gíga; kọ̀ǹpútà yín sì ń fi 1920 sí 1080 ránṣẹ́ sí i. Nínú okùn VGA, ọ̀pá ìdì (irin tín-ín-rín ẹnu okùn) 12 àti 15 wà fún ìbéèrè kan ṣoṣo: kọ̀ǹpútà ń béèrè lọ́wọ́ mọ́nítọ̀ pé "kí lo lè gbà?", mọ́nítọ̀ sì ń fi ìwé kékeré kan tó jẹ́ báìtì 128 dáhùn, èyí tí wọ́n ń pè ní EDID. Àwọn kọ̀nfátà olówó pọ́ọ́kú kan kì í jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dé ọ̀dọ̀ mọ́nítọ̀. Wọ́n á dáhùn fúnra wọn pé 1920 sí 1080 kò ju agbára àwọn lọ, bí alárinà tó ń ṣèlérí lórí owó tí kò sí lápò rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn jù ni pé HDMI méjì ló wà lára kọ̀ǹpútà yín. Ẹ so tẹlifíṣọ̀n ilé mọ́ ọ̀kan, kí ẹ so kọ̀nfátà mọ́ èkejì. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú P, kí ẹ mú Extend, kí ẹ wọ inú Display settings, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tó jẹ́ ti mọ́nítọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di 1280 sí 1024. Ẹ wọ Advanced display, kí ẹ rí i pé 60 Hz ló wà níbẹ̀, kì í ṣe 75. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè gbìyànjú láti yọ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n kò ṣàì ní aládùúgbò. Ẹni tó bá ń lo Raspberry Pi àtijọ́, kọ̀ǹpútà kékeré oní-pátákó kan ṣoṣo, lè kọ hdmi_group=2 àti hdmi_mode=35 sínú fáìlì config.txt rẹ̀, ohun kan náà ni yóò sì ṣe.

Ẹnì kan ní kí ẹ lo 1280 sí 720, pé yóò wọlé. Yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ yín kì í ṣe gbọọrọ. Púpọ̀ nínú wọn á fa àwòrán náà gùn kó lè kún ojú wọn, gbogbo ẹni tí ẹ bá ń wò á sì di opẹlẹńgẹ́. Ẹ fi 1280 sí 1024 sílẹ̀.

Bí lẹ́tà bá dà bí ẹni pé ó ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí kò mú ṣáṣá, ẹ ṣí ojú ìwé kan tó kún fún lẹ́tà dúdú lórí funfun, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì Auto lára mọ́nítọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn, mọ́nítọ̀ kò sì rí etí àwòrán tó máa fi wọn ara rẹ̀.

* * *

Mọ́nítọ̀ onígbá ńlá ti Mọdákẹ́kẹ́

Ìyá kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Mọdákẹ́kẹ́ ní tòun kì í ṣe pẹlẹbẹ, pé èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀n ni, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀nfátà kan náà yóò bá a mu.

Yóò bá a mu, Mà. VGA ni VGA. N kò gbà yín níyànjú, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe okùn. Irú mọ́nítọ̀ yẹn tó jẹ́ ínṣì 17 ń jẹ tó wáàtì 80. Pẹlẹbẹ tó bá a dọ́gba ń jẹ bíi 35. Ẹ ní bátìrì ínfátà kan lẹ ní, fóòtì 12, 200 Ah. Ìyẹn jẹ́ wáàtì-wákàtí 2,400, ìlàjì rẹ̀ ni ó sì dára kí ẹ máa lò lára bátìrì olómi kó má bàa tètè kú, ìyẹn 1,200. Bí ẹ bá pín in fún mọ́nítọ̀ nìkan, láìka kọ̀ǹpútà àti ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, onígbá ńlá á lo wákàtí 15, pẹlẹbẹ á sì lé ní 34. Lọ́sẹ̀ tí iná ìjọba bá lọ tí kò padà, ìyàtọ̀ yẹn ni iṣẹ́ tí ẹ ó rí jẹ. Owó epo jẹnẹrétọ̀ oṣù mélòó kan ti tó ra pẹlẹbẹ tòkunbọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ yín: bó bá bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tú u. Iná tó wà nínú ìgbá rẹ̀ ń súnmọ́ fóòtì 25,000, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Nígbà tí a ṣì ń lọ lo íntánẹ́ẹ̀tì lóru ní àwọn ilé kọ̀ǹpútà ẹnu géètì ilé-ìwé, mo rí ọmọkùnrin kan tó fi ìtọ́bótì ṣí ọ̀kan láti gbọn eruku rẹ̀. Kò kú. Ọwọ́ rẹ̀ rọ títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì fi orin yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi jáde ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí okùn.

* * *

Ohùn, fíìmù àti fóònù, ní kúkúrú

VGA kì í gbé ohùn. Kọ̀nfátà tó dára ní ihò kékeré fún ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tàbí sípíkà. Bí tiyín kò bá ní, ihò ohùn ara kọ̀ǹpútà ṣì wà.

Bí gbogbo nǹkan bá ń hàn àyàfi fíìmù orí àwọn ìkànnì tí ẹ ń sanwó fún, tó jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ ohùn ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú, kọ̀nfátà kò bàjẹ́. Ìdáàbòbò kan tí wọ́n ń pè ní HDCP ló wà nínú HDMI. Àwọn onífíìmù kò fẹ́ kí àwòrán wọn jáde gba ẹnu ìlù tí ẹnikẹ́ni lè gbà sílẹ̀. Dẹ̀kódà mìíràn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí fíìmù ni olórí ohun tó fẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí òun náà ra mọ́nítọ̀ tuntun.

Ní ti àwọn tó béèrè nípa USB-C: bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí kò sọ ohun tó ń gbé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń gbé DisplayPort, ìyẹn ọ̀nà kan tí àwòrán ń gbà jáde, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò sì gbé e. Iná àti fáìlì nìkan ni tiwọn. Ẹ yẹ ìwé fóònù yín wò kí ẹ tó ra kọ̀nfátà USB-C sí VGA.

* * *

Àwọ̀ ìyeyè

Ẹni tó béèrè tún padà wá. Àwòrán ti dúró, 1280 sí 1024, kò sí "Out of Range" mọ́, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó yẹ kó funfun ti di àwọ̀ ìyeyè, bí ìgbà tí ènìyàn fi epo pa ojú ìwé. Àwọn mẹ́ta ti sọ fún un pé kọ̀nfátà náà ni. Ẹnì kan ní gíláàsì ti gbó.

Àwọ̀ ló ń sọ ibi tí ó ti já. Mo ti sọ pé wáyà mẹ́ta ló ń gbé pupa, ewé àti aró. Bí pupa bá já, funfun á di àwọ̀ aró tó dà pọ̀ mọ́ ewé. Bí ewé bá já, á di elésè-àlùkò. Bí aró bá já, ìyeyè ni yóò kù. Nítorí náà ọ̀pá ìdì 3 ni kí ẹ wá. Ẹ yọ okùn VGA, kí ẹ dojú akọ rẹ̀ kọ yín pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, kí ìhà tó gbòòrò wà lókè: ọ̀wọ́ mẹ́ta ni àwọn ọ̀pá náà, márùn-ún márùn-ún, èyí tó wà láàárín ọ̀wọ́ òkè sì ni 3. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀wọ́ àárín kò pé, tí ọ̀pá kan kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ má fòyà. Nọ́ńbà 9 ni, ọ̀pọ̀ okùn ni wọn kò fi í sí láti ilé iṣẹ́ wá. Èyí tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sùn ti ẹnìkejì rẹ̀, ni kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé dìde díẹ̀díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ló lè gbà kó tó kán.

Ó kọ̀wé padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pá kẹta sùn sílẹ̀ gbalaja. Ó rántí pé òun fi agbára tì í wọlé lọ́jọ́ tí inú ń bí òun sí ẹni tó ní mọ́nítọ̀ ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbé e dìde, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ń gbọ̀n. Funfun ti padà di funfun. Owó okùn tí ẹni ìsọ̀ yẹn kò tíì dá padà kù ìdajì, ó sì ní òun á lọ lóṣòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.